Sífù ni, àbí kírímínà? Ẹ̀ka òfin, láti Ẹnu Ọwá (thread gígùn)

1/ Ẹ̀yin ará mi, ẹ jókòó. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan nínú ẹbí wa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé tà, ó ní òun ti ta ilé ẹbí wa tó wà nítòsí Ẹnu Ọwá. Kò sọ fún olórí ẹbí. Kò pe ìpàdé. Ṣe la kàn jí lọ́jọ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wó yàrá ẹ̀yìn.

2/ Màmá Àgbà ró ìró wọn, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, wọ́n ní: "Màmá, èyí kì í ṣe kírímínà, sífù ni. Ẹ lọ wá lọ́yà." Màmá padà délé, wọ́n bi mí pé: "Kí ló ń jẹ́ sífù? Ẹni tó ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, ṣé olè kọ́ ni?" Ẹnu mi wọ́lẹ̀. Èmi tí mo gboyè, tí mò ń ṣe fídíò ìtàn Èkó fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ó dùn mí gan-an.

3/ Nǹkan bí oṣù méjì la fi rìn kiri. A lọ sí ilé olóyè, a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, a tún padà sí àgọ́. Gbogbo wọn ń dá wa padà. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wá kó ṣàlàyé pé òfin ní ẹ̀ka, àti pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tiẹ̀. Bí o bá ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tìẹ, wọn ò ní ṣí i fún ọ, kódà kí o jàre.

4/ Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, òfin ló ń kà. Ó gbé ìwé rẹ̀ wálé, mo gbé ìtàn tèmi sílẹ̀, la bá rí i pé púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì, àwọn ará Èkó ló pè é. Thread yìí, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, ti Màmá náà sì ni. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ìtàn ni mo kà.

5/ Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin yìí dání. Ta ló ń pe ẹjọ́? Ta ni wọ́n pè? Kí ni ẹni tó pè é fẹ́ gbà? Òfin ta ni kóòtù máa lò? Tí o bá lè dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóhùn, o ti mọ ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ rẹ wà.

6/ ÒFIN ÀÁRÍN ORÍLẸ̀-ÈDÈ. Ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó gbé Èkó lé ọwọ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi níwájú ìlú nígbà yẹn, ẹ fojú inú wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn pé wọ́n á máa san ẹgbẹ̀fà (1,200) àpò owó ẹyọ fún ọba lọ́dọọdún. Ìlú kan sí ìlú kejì, ìyẹn ni ẹ̀ka yìí: àdéhùn, ààlà, ogun, àlàáfíà.

7/ Lẹ́yìn ìyẹn, òfin tiwọn wọlé. Ní 1863, wọ́n ṣe òfin kan tó ní kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní 1876, wọ́n dá Supreme Court sílẹ̀. Òfin tó dá a sílẹ̀ ní kí kóòtù máa lo àṣà ìbílẹ̀ náà, bí kò bá ti ta ko ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ojú àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wọn "rere" yẹn, ṣùgbọ́n ẹ rántí gbólóhùn náà, ó ń bọ̀ wá gbà wá.

8/ Torí ẹ̀ ni kóòtù wa ṣe ní òfin tó pọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ti Gẹ̀ẹ́sì, ti àṣà ìbílẹ̀, àti èyí tí àwọn aṣòfin tiwa ṣe. Àwọn lọ́yà wá pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì gbòòrò. Èkíní ni òfin tó wà láàárín ìjọba àti ará ìlú. Èkejì ni òfin tó wà láàárín èmi àti ìwọ. Gbogbo ẹ̀ka tó kù, abẹ́ méjì yìí ni wọ́n sùn sí.

9/ ÒFIN Ọ̀DARÀN, ìyẹn kírímínà. Ta ló ń pè é? Ìjọba. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹni yẹn, ẹlẹ́rìí ni. Kí ni ìjọba fẹ́ gbà? Ìyà: ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn. Torí pé òmìnira ènìyàn lè lọ síbẹ̀, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dájú débi pé kò ní kù sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá. Ìwé òfin ọ̀daràn kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1916. Èkó ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2011.

10/ Ohun kan tún wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní 1961, ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi dé kóòtù gíga ní ìwọ̀ oòrùn. Kóòtù ìbílẹ̀ ti dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó ṣe àgbèrè. Kóòtù gíga bèèrè pé: ìwé òfin wo ló sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni? Kò sí. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà. Ohun tó burú lójú àwùjọ lè máà jẹ́ ọ̀daràn lójú òfin. Bí kò bá sí nínú ìwé pẹ̀lú ìyà rẹ̀, a ò lè fi ọ́ sẹ́wọ̀n lé e lórí. Ó ṣì wà nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999, abala 36(12).

11/ ÒFIN ÌPÌLẸ̀ ORÍLẸ̀-ÈDÈ àti ÒFIN ÌṢÀKÓSO. Ẹ̀ka yìí ló ń sọ ibi tí agbára ìjọba pin sí. Ẹ wá ká rìn lọ sí Ìga Ìdúngànrán, kò jìnnà sí Ẹnu Ọwá tí wọ́n ti ń fi ọba Èkó jẹ. Ọba Èṣùgbàyí, tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹlẹ́kọ, wà lórí oyè. Ní 1920, Herbert Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tó bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ rán agogo káàkiri ìlú, kó sọ pé ọ̀rọ̀ Macaulay kì í ṣe tòun. Ọba kọ̀.

12/ Ní oṣù Ògún 1925, ìjọba ní àwọn ti rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọn ò pe ẹjọ́ ọ̀daràn kankan. Gómìnà kàn fọwọ́ sí bébà ni. Àwọn ará Èkó ò gbà. Wọ́n lọ kóòtù pẹ̀lú ìwé tó ń sọ fún aláṣẹ pé: gbé ẹni tí o tì mọ́lé wá síwájú adájọ́, kí o sọ òfin tó fún ọ láṣẹ. Habeas corpus ni wọ́n ń pè é. Kóòtù ní Èkó kọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé e dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1928 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1931.

13/ Ní 1931 ni Lord Atkin ka ìdájọ́. Kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi: òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun-ìní ẹnikẹ́ni, àfi tó bá lè fi òfin tó fún un láyè han kóòtù. Gómìnà ò lè sọ pé "mo ti ní bẹ́ẹ̀, ó parí." Kóòtù gbọ́dọ̀ wádìí: ṣé olóyè ni ọkùnrin yìí? Ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóòótọ́? Ṣé àṣà ní kó kúrò nílùú? Lọ́dún 1931 yẹn kan náà, Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó.

14/ Ẹ wò ó dáadáa. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe kírímínà, kì í sì í ṣe ìjà láàárín aládùúgbò méjì. Ará ìlú ló pe ìjọba. Ohun tó fẹ́ gbà ni òmìnira rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá tì ọ́ mọ́lé láìgbé ọ lọ sí kóòtù lónìí, ẹ̀ka yìí ni lọ́yà rẹ máa sá lọ, ojú ọ̀nà tí wọ́n gba Ọ̀yọ́ gbé Ẹlẹ́kọ wálé ló sì ń tọ̀.

15/ ÌPALÁRA, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní tort. Atkin yìí náà tún ni! Ní 1932, ọdún kan lẹ́yìn ti Ẹlẹ́kọ, ó wà lára àwọn tó dá ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson láti Scotland. Obìnrin kan mu ohun mímu inú ìgò, ó ní òun bá ìgbín tó ti jẹrà nínú rẹ̀. Òun kọ́ ló rà á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rà á fún un, nítorí náà kò sí àdéhùn láàárín òun àti ẹni tó ṣe é. Atkin ní: ẹni tí ìwà àìbìkítà rẹ lè pa lára, aládùúgbò rẹ ni lójú òfin, o sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un.

16/ Nítorí náà, tí kẹ̀kẹ́ bá gbá ọ ní Ìdúmọ̀tà, tàbí tí ògiri ilé ẹni kan wó lu ìsọ̀ rẹ, o lè pè é fún owó ìtọ́jú. Ìwọ ló ń pè é. Owó gbà-máà-bínú lo fẹ́, kì í ṣe kí wọ́n tì í mọ́lé. Ẹ̀rí náà ò ní láti dájú bíi ti ọ̀daràn, kó ṣáà jọ pé òótọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ ju ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Sífù nìyẹn, Màmá.

17/ ÀDÉHÙN. Èyí ò le rárá. O lọ sọ́jà Balógun, o san owó bélì aṣọ kan, wọ́n ní kí o wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì dé, oníṣọ̀ọ́bù ní àwọ̀ yẹn ti tán. Ẹnìkan na nǹkan síta, ẹnìkejì gbà á, owó wọlé, ìlérí jáde. Bí ìlérí bá yẹ̀, o lè gba owó rẹ àti àdánù tó bá a rìn. Kó wà lórí bébà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ àdéhùn lẹ́nu náà ló múlẹ̀. Ti ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ má dán wò láìsí ìwé.

18/ ÒFIN ILẸ̀ ÀTI OHUN-ÌNÍ. Níbí, Èkó ló kọ́ ayé. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀, ní kí wọ́n san owó rẹ̀. Ìjọba ní owó kékeré ló tọ́ sí i, torí pé ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ló ní, kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Kóòtù ní Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba.

19/ Olóyè Olúwa wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Macaulay tẹ̀ lé e. Ìrìn àjò tí ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ bá wọn lọ nìyẹn. Ní 1921, Privy Council ní: ìwé 1861 yẹn, ìjọba ló pààrọ̀, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, olóyè ń ṣọ́ ọ fún wọn, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé bíi ti ẹni tó ni ín pátápátá. Wọ́n tún kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí ní Kánádà àti Ọsirélíà.

20/ Lónìí, òfin lílo ilẹ̀ tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ gba àṣẹ gómìnà kí ẹ tó ta ilé. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò pa ilé ẹbí run. Ìwọ ọmọ ẹbí kan ṣì wà lábẹ́ ìyókù ẹbí.

21/ ÌGBÉYÀWÓ ÀTI OGÚN. Ìbéèrè kẹrin wa ló ṣe pàtàkì jù níbí: òfin ta ni? Ní 1898, ẹjọ́ Cole àti Cole wáyé ní Èkó. Ọkùnrin kan tó ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró kú láìkọ ìwé ìhágún. Àbúrò rẹ̀ ní àṣà ìbílẹ̀ fún òun ní ogún. Kóòtù ní rárá, ìgbéyàwó ọ̀hún ti gbé ọkùnrin náà sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó àti ọmọ ló ni ogún. Ẹ rí i bí òrùka kan ṣe lè yí ogún padà.

22/ Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni, kí wọ́n pín in sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó? Àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi ò bá ayé òde òní mu. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni òfin Yorùbá, olórí ẹbí ló sì lè yàn orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Àbúrò mi ní nínú kíláàsì àwọn, ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì yìí ni wọ́n ń kọ sínú ìdánwò, kò sí Gẹ̀ẹ́sì fún un.

23/ Ó wá kan ilé ẹbí. Ní 1908, ẹjọ́ Lewis àti Bankole: Mabinuori kú, ó fi agboolé sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jà. Kóòtù gbọ́ ẹ̀rí àwọn olóyè Èkó lórí àṣà, wọ́n sì dá a pé ilé náà ti di ti gbogbo ẹbí, Dáwódù ni olórí tó ń ṣọ́ ọ. Láti ìgbà náà, àwọn kóòtù ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀ bíi ọmọkùnrin. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilé ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni ọjà náà, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

24/ Ààfin pàápàá kò bọ́. Ní 1957, ẹjọ́ Oyekan àti Adele dé Privy Council: ta ló ni Ìga Ìdúngànrán? Àwọn ọmọ Dòsùnmú ní ogún àwọn ni, torí ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fún bàbá àwọn ní 1870. Kóòtù kò gbè wọ́n. Oyè ló ni ààfin, ẹni tó bá jọba ló ń gbé e. Ọba Adele wàjà ní 1964, Oyekan jọba ní 1965, ó sì wọ Ìga yẹn kan náà!

25/ Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè Màmá: ṣé olè kọ́ ni? Ìdáhùn tòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan lè wọ ẹ̀ka méjì. Ta ló ni ilé? Sífù ni, òfin àṣà ìbílẹ̀ ló máa dá a, kóòtù gíga ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2016, Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo ohun-ìní, ó sọ fífi ipá wọ ilé onílé àti títa ohun-ìní láìní àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Nítorí náà àwọn tó sọ pé sífù ni ò parọ́ tán, wọn ò sì sọ òótọ́ tán.

26/ Nígbà tí a rí lọ́yà níkẹyìn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé: "Ẹ̀yin ta lẹ fẹ́ pe ẹjọ́, kí lẹ sì fẹ́ kí kóòtù ṣe?" Màmá ní: "Kí wọ́n dá òòlù dúró." Ìyẹn ló kọ́kọ́ bèèrè ní kóòtù, kí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Wọ́n fún wa. Yàrá mẹ́ta ti lọ kó tó di ìgbà yẹn. Yàrá tí wọ́n bí màmá mi sí wà lára rẹ̀. Tí a bá ti mọ ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá ìyẹn ṣì dúró. Ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́, mi ò ní sọ jù báyìí lọ.

27/ Ohun kan tún kù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà 2020, wọ́n dáná sun kóòtù gíga tó wà ní Ìgbóṣẹ́rẹ́, níbí ní erékùṣù wa. Ìwé ẹjọ́ àwọn ènìyàn jóná níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo àpótí àwọn àgbà yín. Ìwé ilé, ìwé ìpàdé ẹbí, orúkọ àwọn tó ń jókòó níbẹ̀: ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lónìí. Ẹ má dúró de ìgbà tí òòlù bá dé.

28/ Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ní 1879 ni Christopher Sapara Williams di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ní 1933, Stella Thomas, ọmọ Èkó, di obìnrin àkọ́kọ́ láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó gba ìwé lọ́yà, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní 1943. Bí ẹ bá ń há orúkọ ẹjọ́ sórí fún ìdánwò, ẹ rántí pé ẹnìkan ló wọkọ̀ ojú omi torí rẹ̀, ẹnìkan ló sun Ọ̀yọ́ torí rẹ̀.

29/ Mo ka gbogbo èyí sétí Màmá lálẹ́ àná, lédè tí wọ́n gbọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ó yá, kọ ìbéèrè mẹ́rin yẹn sórí ìwé fún mi, ìyá Sùúrá lójúde náà ń bá onílé rẹ̀ jà." Mo ti kọ ọ́. Ó wà lára ògiri pálọ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

30/ Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kàwé òfin, àti ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ò tíì yanjú. Èwo nínú àwọn ẹ̀ka yìí ló ti kan ilé tiyín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ènìyàn o, kí wọ́n má bàa pe èmi náà lẹ́jọ́ 😅.